Wáìnì Ìyá Ará Kàbà

Mo kéré nígbà náà, n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, Ushafa sì ni àwọn òbí mi ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé Wuye lónìí, ẹ má rò pé bí Ushafa ṣe wà yìí náà ló wà nígbà yẹn. Oko ló yí wa ká, àwọn obìnrin ń mọ ìkòkò lẹ́bàá ọ̀nà, bàbá mi sì ń lọ ta aṣọ lọ́jà Bwari.

Ìyá àgbà kan wà lẹ́yìn ilé wa, opó ará Kàbà. Òun ló ń ṣe wáìnì tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá tó ti ń ṣe é, ó ní kí n jókòó, kí n máa wò. Ó se òdòdó ìṣápá pupa, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní sóbò. Ó sẹ́ ẹ, ó po ṣúgà mọ́ ọn, ó dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó bu ìwúkàrà díẹ̀ sí i. Ó dà á sínú ìkòkò ńlá, ó dé e, ó fi amọ̀ tútù dí etí ìdérí yíká, àfi ihò kékeré kan tó ki òwú bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n gbé etí lé e. Ó ń hó, bẹ́ẹ̀ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀.

Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ nínú ibẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ráyè wọ̀ ọ́, kíkan ló máa kan. Tiwa ni ká fi í sílẹ̀."

Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún Àjíǹde tí a fẹ́ fi wáìnì náà ṣe pé, wọ́n ránṣẹ́ ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i láti Kàbà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ìyá mi pé kó bá òun máa bọ́ adìẹ títí òun yóò fi dé. Èmi ni ìyá mi ń rán. Mo fẹ́ rí ohun tó ń hó láìsí iná. Mo ṣí ìkòkò náà, mo rí ìfófó pupa, mo tọ́ ọ wò, mo po amọ̀ tèmi, mo fi dí i padà. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe títí ìyá àgbà fi dé.

Nígbà tó bu ú tọ́ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ti kan gógó.

"Ṣé ẹnì kan fọwọ́ kàn án?"

"N kò mọ̀, mà."

Kò bi mí mọ́. Ó lọ bá àwọn àgbà ìjọ, ó sọ fún wọn pé ọwọ́ òun ti di ọwọ́ arúgbó. Wọ́n ra wáìnì inú ìgò ní Kaduna, wọn kò sì gbé iṣẹ́ náà fún un mọ́ láéláé. Ó da ojú àwọn ìkòkò rẹ̀ délẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, adìẹ ń sùn lórí wọn.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo lọ dágbére fún un. Ó ní, "Mo rí ojú ìka rẹ lára amọ̀ ìkòkò wáìnì ọjọ́ yẹn. Bí mo bá dárúkọ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà, orúkọ ẹni tó ba wáìnì Olúwa jẹ́ ni wàá fi dàgbà." Mo kúnlẹ̀, mo sì dìde lọ láìtọrọ àforíjì. Kí n tó padà wá fún ìsinmi, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kàbà.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ mi obìnrin mú mi lọ wo ilé iṣẹ́ wáìnì kan ní ẹ̀yìn Nyanya. Orúnkún mi ń ro mí, mo sáà ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Irin dídán ni àgbá wọn. Mo bi ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri pé bí wáìnì inú ọ̀kan bá kan ńkọ́?

"A máa dà á nù ni, Mama. Òmíràn pọ̀."

Wọ́n fún mi ní díẹ̀ pé kí n tọ́ ọ wò. Mo ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí n lọ jókòó sínú mọ́tò.

N kò bú ayé tiyín o. Tiyín mọ́ tónítóní, kò sí ọmọdé tó lè bà á jẹ́. Láyé tiwa, ohun tó bá bàjẹ́ gbọ́dọ̀ rí ẹni rù ú, ìgbà mìíràn sì wà tí ẹni tí kò ṣẹ̀ ló ń rù ú. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá ọ̀rọ̀ yìí gbé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ fún yín.