Ìgò Tí Bàbá Gbé Lọ sí Ẹ̀sìẹ́

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù tí mo fi kúrò nílé wa ní Ìlọrin lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo ń lọ sí Ẹ̀sìẹ́ láti bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, wọ́n kọ́ mi nílé pé ìyàwó kì í gbé ohùn sókè sí ẹ̀gbọ́n ọkọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ń lọ, nítorí inú ń bí mi gidigidi.

Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ni wọ́n la orí ọkọ mi ní ọsibítù, wọ́n yọ kókó kan tó tó ẹyin ẹyẹlé nínú ọpọlọ rẹ̀. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi pé irú kókó bẹ́ẹ̀ pín sí oríṣiríṣi. Òmíràn ń rọra dàgbà, òmíràn jẹ́ jẹjẹrẹ tó ń sáré, kò sì sí ẹni tó lè mọ èyí tó jẹ́ àfi kí wọ́n gé e pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi awò tó ń mú ohun kékeré tóbi wò ó. Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wò ó. Orúkọ tí Ìbàdàn bá fún un ló máa sọ irú ìtọ́jú tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Alámísì ni dókítà yìí kan náà dúró lẹ́bàá ibùsùn, ó bi mí pé èsì Ìbàdàn dà. Èsì wo? Ó ní àwọn ti fi ìgò tí kókó náà wà nínú rẹ̀ lé ẹbí lọ́wọ́ pé kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ lára mi fún ọkọ mi ni mo wà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ; Bàbá Ẹ̀sìẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, nìkan ló jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà ní bí ìgò bá ti sọnù, àwọn á tún orí náà là. Ọkọ mi gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú.

Bọ́ọ̀sì kún kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn Gánmọ̀, kòtò ni awakọ̀ ń yà fún títí a fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tó ti dúró kí àwọn èrò jẹun. Wọ́n gbé wàrà wá sójú fèrèsé, wàrà tí wọ́n ti dín, tí wọ́n bu ata sí, àádọ́ta náírà ẹyọ kan. Awakọ̀ bi mí pé kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní ọ̀rọ̀ wà lọ́fun mi, oúnjẹ ò lè kọjá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má sọ ọ́ fún òun.

Mo sọ̀ ní Òrò, mo gun ọ̀kadà dé Ẹ̀sìẹ́. A kọjá níbi ilé tí wọ́n kó ère òkúta àtijọ́ ìlú náà sí. Orí tó ti ṣẹ́ kúrò lọ́rùn ère, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, ẹ̀ṣọ́ sì ń ṣọ́ ọ. Èyí tí wọ́n gé nínú orí ọkọ mi, inú ìgò ni wọ́n gbé e sí, kò sí ẹ̀ṣọ́.

Bàbá ń sá láfún lórí àpáta. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó bi mí bóyá àbúrò òun ṣì wà láàyè. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó wà, ìgò ni mo wá gbà. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé, sábẹ́ igi ọsàn tí wọ́n ń sin ibi ọmọ gbogbo tí wọ́n bí nílé náà sí. Ibi ọkọ mi fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Bàbá ní òun da omi inú ìgò náà nù nítorí pé ó ń ta òun lójú, òun fi aṣọ funfun wé ẹran ara náà, òun gbàdúrà, òun sì sin ín.

Gbogbo ìjà tí mo tò láti Ìlọrin ti wà lẹ́nu mi. Mo béèrè ohun tí wọ́n sọ fún un nígbà tí wọ́n gbé e fún un.

"Ìgò méjì ni wọ́n gbé jáde," ló wí. "Ọkùnrin aláṣọ funfun kan gbé ọ̀kan sínú kúlà oníyìnyín, ó buwọ́ lùwé, ó sì yára gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì wá gbé ìkejì fún mi, ó ní, 'Bàbá, ẹ gbà.' Mo ní lọ́kàn mi pé èyí tí wọ́n nílò ni wọ́n ti gbé lọ yẹn. Èyí tó kù, ara ọmọ wa ni. Ṣé kí n wá jù ú nù ni? Àbí mo ti pa á ni, ìyàwó?"

Mo ní kò pa ẹnikẹ́ni. Àgbẹ̀ tó ń ka Bíbélì Yorùbá láìsinmi ni Bàbá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára ìgò. Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ẹ̀sìẹ́ ni ẹni tó yẹ kí n bá jà wà. Bàbá dé fìlà, ó ní òun ń bá mi lọ.

Aago kan ọ̀sán kò tíì lù tí a fi dé iwájú dókítà. Ó gbọ́ tán, ó mi orí, ó ní ìṣòro àwọn ará oko nìyẹn. Mo ní kó dúró ná. Mo bi í nípa ìgò inú kúlà. Ó ní ti ìwádìí nìyẹn: àwọn onímọ̀ fẹ́ mọ ìdí tí irú kókó yìí fi ń padà wá lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, wọ́n á sì fi í ránṣẹ́ sókè òkun lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní kì í ṣe fún ìtọ́jú.

"Orí ta ni wọ́n ti gé e?" ni mo wí.

Bàbá dúró lẹ́yìn mi, ó ti ṣí fìlà. Dókítà gbé fóònù, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó tún sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní àwọn oníwádìí ti tọ́jú ìdá kan sínú omi tí kì í jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n á sì gé nínú rẹ̀ fún Ìbàdàn. Lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ ọsibítù ló máa gbé e lọ, wọ́n á sì buwọ́ lùwé. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́wàá! Wọ́n mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹran ara tí wọ́n fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n gé e lára rẹ̀ ni wọn kò rántí. Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ẹ̀kọ́ náà.

Mo wọlé lọ bá ọkọ mi, mo ní wọn kò ní la orí rẹ̀ mọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ibo la ti wá rí kókó náà, ṣé Ẹ̀sìẹ́ ni àbí Ìbàdàn.

Mo na ìka sí òkè àjà, lókè orí ibùsùn rẹ̀ gan-an, níbi tí dókítà ní fíríìjì àwọn oníwádìí wà.