Ẹni tó gún odó òfìfo

Ẹ̀bẹ̀ ni mo jẹ Ìyá Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n tí yàrá wọn kọjú sí tèmi. Ẹ jẹ́ kí n san án ná kí n tó kí ẹnikẹ́ni: Ìyá Dúpẹ́, ẹ dákun, ẹ forí jì mí.

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń ka èyí.

Ẹ mọ̀ pé mo máa ń wọ mọ́tò láti Oǹdó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn kúkúrú l'Àkúrẹ́, tí owó mọ́tò sì ti gbé owó ẹran mì. Lónìí, mo ka ìtàn tèmi síta. Mo ní obìnrin tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi máa ń gún odó òfìfo nírọ̀lẹ́, kí àdúgbò lè rò pé iyán ló ń gún.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà ní, "Ìyá, ojú yín mà ríran o."

Àṣé Ìyá Dúpẹ́, tí wọ́n wá ra ọjà l'Àkúrẹ́, ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kí a lè jọ padà sílé. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nínú mọ́tò, wọ́n ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, ta ló gún odó òfìfo, èmi àbí ìwọ?"

Èmi ni. Lọ́dún tí wọn ò san owó oṣù ọkọ mi ni. Mo wá sọ ọ́ di tiwọn nínú ìtàn mi.

Ìyá Dúpẹ́ tún ní, "Odó tí iṣu wà nínú ẹ̀ kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀. Kí lo rò pé ó fà á tí mo fi ń fi iyán rán Dúpẹ́ sí ẹ, tí mo ń ní ó ṣẹ́ kù?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò títí a fi dé Oǹdó.

Sátidé ni màá tún ìtàn náà kà. Ṣé kí n fi orúkọ ara mi sí i, kí n fi àwo iyán yẹn kún un, àbí kí n fà á ya? Ẹ dá mi lóhùn kí Ọjọ́ Ẹtì tó parí. Ìyá Dúpẹ́, tiyín ni mo ń dúró dè jù.