Ibi Tí Omi Dúró Sí

Ní ọdún tó kọjá ni wọ́n sin díréktọ̀ mi àtijọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ létí ibojì. Nínú ìtàn náà, òun ló wá omi fún ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan ní apá Idigny, nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun lọ́wọ́ wa. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ọ títí dé òpin, torí a kì í bá òkú jiyàn létí ibojì. Ṣùgbọ́n ilé mi nìyí, tábìlì mi sì nìyí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ orí òkè Kétu lọ́ràá, àgbàdo ń ṣe dáadáa níbẹ̀, iṣu náà ń ta. Omi ni kò sí. Ó jìn nísàlẹ̀ débi pé ọkùnrin méjì ló máa ń fa okùn kàǹga kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọbìnrin a máa jí lọ sí odò nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, oòrùn á ti mú kí wọ́n tó padà dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi bá ọmọbìnrin méjì péré nínú kíláàsì tí wọ́n gbé fún mi, láàárín ọmọkùnrin bí ọgbọ̀n. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, ọdún ìdánwò mi lẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí díréktọ̀ bá kọ̀wé pé n kò tó iṣẹ́ náà, ilé bàbá mi ni mò ń padà sí.

Ìjọba fún wa ní páànù fún òrùlé àti sìmẹ́ńtì fún kòtò omi òjò, irú èyí tí à ń pè ní sìtẹ́nì. Gọ́tà yóò máa gbé omi láti orí páànù bọ́ sínú kòtò, a ó sì máa fà á ní ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti agbolé dé agbolé. Mo sọ fún àwọn ìyá pé ọmọbìnrin yòówù tó bá wá sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ yóò ru ìkòkò omi kan lọ sílé lọ́sàn-án.

Ìyá kan tó ń bó àgbàdo kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Màdámù, ṣé omi tí kò tíì rọ̀ lẹ ń pín fún wa yìí?”

“Yóò rọ̀, ìyá.”

“Tí kò bá dúró nínú kòtò yín ńkọ́?”

“Kí ẹ wá mú ọmọ yín.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́?”

Báyìí ni mo ṣe kó ọmọbìnrin mẹ́sàn-án jọ kún àwọn méjì àkọ́kọ́. Inú díréktọ̀ kò dùn sí i. Ó ní ìwé ni wọ́n ní kí n kọ́ wọn, wọn kò ní kí n máa tajà. Ó ní tí àwọn ọmọbìnrin náà bá ṣí lọ, èmi náà yóò bá wọn lọ.

Ìgbà ìsinmi ni wọ́n ṣe kòtò náà. Díréktọ̀ wà ní Kutọnu, èmi ni mo dúró ti iṣẹ́. Ògbólógbòó mọlémọlé kan ní abúlé wa ni wọ́n gbé e fún, ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó ti mọ ilé amọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò. Ó gbẹ́ kòtò jìn tó ènìyàn méjì, ó kọ́ bíríkì yí i ká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i láti ìsàlẹ̀. Bó ti rẹ́ ìpele kan tán, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ dé. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni ọjọ́ tí a kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ ilẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kejì, ọjà ni. Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá, ó gbá ìpele náà ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní, “Ó ti gbẹ. Ó ti le. Ẹ wò ó, Màdámù.” Mo wò ó, mo sì yìn ín. Inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Bí a ṣe ń ṣe ògiri nìyẹn. Ìpele kan á gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò wó. Ó ṣe ìpele kejì, ó jẹ́ kí ó gbẹ. Ó ṣe ìkẹta. Mo kọ èyí sílẹ̀ torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń fọ ara mi mọ́. Mo wà níbẹ̀.

Òjò oṣù kẹsàn-án kún kòtò náà dé ẹnu. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, omi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Òjò mìíràn kún un, ó tún lọ sílẹ̀. Oṣù kẹwàá wọlé, ilé ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, òjò sì ku díẹ̀ kí ó dágbére fún wa.

Gbogbo ènìyàn ń wá ẹni tó jẹ̀bi. Àwọn àgbà kan ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń mu omi. Àwọn mìíràn ní olè ni. Díréktọ̀ dé láti Kutọnu pẹ̀lú bàtà dídán, ó dúró létí kòtò, ó ní èmi ni, pé n kò bu omi sí sìmẹ́ńtì náà bó ṣe yẹ nígbà tó wà ní tútù. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rẹ́ ẹ dé ẹnu tán, àràárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bu omi sí i. Ó kọ lẹ́tà sí ìnsípẹ́ktọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ pé kó wá wo àìbìkítà mi fúnra rẹ̀. Èmi náà jókòó, mo fi Faransé tó gún régé kọ ojú ìwé mẹ́ta láti gbèjà ara mi. Lẹ́tà tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kan kò padà sínú kòtò nítorí rẹ̀.

Ìyá onílé mi, tó ti fìgbà kan rí máa ń mọ ìkòkò tà, ló là mí lójú, láìmọ̀ pé òun ń là mí lójú. Mo fẹ́ bu omi kún ìkòkò rẹ̀ kan ní ẹ̀yìnkùlé, ó pariwo.

“Dúró, dúró, ọmọ mi! Má kún un. Ó ń jò.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nù, ìyá?”

“Sọ kí ni nù?” Ó fi ìka gún ikùn ìkòkò náà. “Ibí ló là sí. Tómi bá ti dé ìsàlẹ̀ ibí, kì í jò mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ mọ nǹkan-án sọ nù.”

Mo dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Mo bá wọlé, mo fa lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta ya.

Lọ́jọ́ kejì mo gé ọ̀pá oparun gígùn kan. Ní àràárọ̀, kí aago tó lù, mo máa ń tì í bọ kòtò títí yóò fi kan ilẹ̀, n ó yọ ọ́, n ó sì fi ọ̀bẹ fín ibi tí omi dé. Díréktọ̀ rí mi láti fèrèsé rẹ̀.

“Màdámù, ẹ ti di apẹja? Ẹja wo lẹ pa?”

“Ẹja kò tíì jẹ ìwọ̀, Músíè.”

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo fín ọ̀pá mi. Àmì àkọ́kọ́, ìkejì lábẹ́ rẹ̀, ìkẹta lábẹ́ ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹrin, omi dúró. Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú kan náà. Òjò rọ̀, ó kún, ó tún wálẹ̀, ó tún dúró sójú àmì yẹn gan-an. Olè kì í wọn ohun tó fẹ́ jí. Bó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń mu ún, kò ní fi ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa.

Mo gbé ọ̀pá náà lọ sí ilé ìdáná ìyá onílé mi, tí mọlémọlé kan náà mọ. Mo nà án sí ògiri amọ̀ náà, ìdí rẹ̀ lórí ilẹ̀. Àmì tí mo fín bọ́ sójú ìlà tó wà láàárín ìpele kìíní àti ìkejì, bí ẹni pé mo ti fi ògiri náà wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀ láti iṣẹ́ dé iṣẹ́. Ohun tó dára fún amọ̀ ni ó ṣe fún sìmẹ́ńtì. Ìpele ìsàlẹ̀ ti gbẹ tán kí ìkejì tó dé, wọn kò sì so mọ́ra.

Ìnsípẹ́ktọ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Díréktọ̀ ka ẹ̀sùn mi. Mo ti ọ̀pá bọ omi níwájú wọn, mo yọ ọ́, mo fi àmì hàn wọ́n, mo sì ní kí wọ́n pe mọlémọlé.

“Bàbá,” ni ìnsípẹ́ktọ̀ wí, “ọjọ́ mélòó lẹ fi sílẹ̀ láàárín ìpele kìíní àti ìkejì?”

Bàbá náà gbéra ga. “Ó gbẹ dáadáa, ọ̀gá! N kò kánjú. Bí bàbá mi ṣe mọ ilé rẹ̀ nìyẹn, èmi ni mò ń gbé inú rẹ̀ báyìí, kò tíì là.”

Ìnsípẹ́ktọ̀ wo ọ̀pá, ó wo bàbá náà. Díréktọ̀ wú ikọ́. “Ohun tí mo ti ń fura sí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.”

“N kò rí ìfura yẹn nínú lẹ́tà yín,” ni ìnsípẹ́ktọ̀ dá a lóhùn. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní bí omi bá dúró kí òun tó padà wá ní oṣù Kejìlá, n ó wà lẹ́nu iṣẹ́ mi. Bí kò bá dúró, lẹ́tà díréktọ̀ yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀.

Mo ka ọjọ́ lọ́nà tí n kò gbà kà á rí. A ní láti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tó tẹ̀lé ọjọ́ ọjà, kí ohunkóhun má bàa dá wa dúró. Mọlémọlé fẹ́ kí a gbọ́n gbogbo omi dànù. Mo ní rárá, kí a dín in kù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìlà náà, èyí tí a bá sì fà, àwọn ọmọbìnrin ni yóò rù ú lọ sílé. Torí náà n kò ba àdéhùn jẹ́. A to bẹ́ǹṣì kíláàsì sínú omi, bàbá náà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé e, wọ́n họ ara ògiri kí ó rí gbagungbàgun, wọ́n bu omi rin ín, wọ́n sì rẹ́ ẹ láti ìlà náà dé ẹnu láìsinmi. Àwọn ìyá àwọn ọmọ ló ń po sìmẹ́ńtì. Èyí tó ń bó àgbàdo lọ́jọ́sí wà níbẹ̀, ó ń kígbe sí mọlémọlé, “Bàbá, ẹ má jẹ́ kó gbẹ o! Èèwọ̀ Màdámù ni!”

Àrọ̀kúrò rọ̀ nígbà méjì lẹ́yìn náà, nígbà kejì ni kòtò kún. Mo ti ọ̀pá bọ̀ ọ́ láràárọ̀. Àmì kan ṣoṣo ni mo fín, títí mo fi jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi. Nígbà tí ìnsípẹ́ktọ̀ padà wá, ó bá ọmọbìnrin mọ́kànlá tó ń tò sídìí kòtò pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ó fọwọ́ sí ìwé mi.

Láti ìgbà náà, ìdáàmù yòówù tó bá dé bá mi, yálà èéfín tó ń kún ilé ìdáná ni tàbí kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo nínú àká, mo máa ń kọ́kọ́ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dúró sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó ń bínú sí ẹni tó bá yẹ kí n bínú sí. Mo máa ń rántí bínú, ẹ má fòyà.

Ní òpin ọdún, díréktọ̀ kọ ìròyìn rẹ̀ fún àwọn ọ̀gá. Ó kọ ọ́ pé òun ti fura, òun ti wọ̀n ọ́n, òun ti tún un ṣe. Torí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju tirẹ̀ lọ, èmi ló pè pé kí n dà á kọ. Mo jókòó, mo dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó wò ó, ó ní, “Ẹ ṣeun, Màdámù. Ó mọ́ dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ni wọ́n fà yọ nínú ìtàn tí wọ́n kà létí ibojì. Mo ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, torí ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Èyí ni mo kọ fún ara mi.