Oṣù Mọ́kànlá tí Ìwé Ní Kò Sí Alága

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá kan fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú ní àgbègbè oko wa. Òfin-Wí là ń pè é, torí kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ ṣe tí kò ní kọ́kọ́ bi òfin.

Nígbà tí wọ́n ní kó to orúkọ àwọn tó ti ṣe alága, kí wọ́n lè fi ọ̀dà kọ wọ́n sára pátákó gbọ̀ngàn ìpàdé, ó kó ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́sàn-án sórí tábìlì ìjẹun. Tíṣà ló kọ́kọ́ ṣe é. Alápákó ló tẹ̀lé e. Láàárín àwọn méjèèjì, oṣù mọ́kànlá wà, ohun tó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sókè ìpàdé kọ̀ọ̀kan ni: "Alága kò sí."

Irọ́ ni. Ìyá Aránṣọ wà níbẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà kú, àwọn ẹni ńlá ya lọ sínú ẹgbẹ́ kejì. Ìyá Aránṣọ, igbákejì, ló sún ẹ̀rọ ìránṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó to bẹ́ǹṣì sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹgbẹ́ má bàa túká. Abúlé dé abúlé ló ń gun ọ̀kadà lọ bẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ní igbákejì kì í ṣe alága títí wọn ó fi dìbò yàn án. Obìnrin náà á yọjú wo ìwé rẹ̀:

"Òfin-Wí, alága kò sí? Ta ló wá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí, iwin?"

Akọ̀wé á rẹ́rìn-ín, á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Opó ni obìnrin náà, ìyàwó akọ̀wé náà sì ti kú. Ó ní lọ́kàn láti bá a sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó ní kí ìdìbò kọjá ná, kí wọ́n má bàa ní akọ̀wé ń wá ojúrere. Ìdìbò kọjá, Alápákó wọlé. Ìyá Aránṣọ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ibẹ̀ ló kú sí.

Nígbà tó wá di ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ gba orúkọ fún pátákó, bàbá ka orúkọ Ìyá Aránṣọ mọ́ ti àwọn alága. Alága tó wà lórí oyè báyìí da ojú ìwé àtijọ́ kọ ọ́.

"Bàbá, ìwé yín ní alága kò sí. Àbí ìwé yín ń purọ́ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo purọ́," ni bàbá wí. "Òfin ni mo fi bojú. Iṣẹ́ alága ló ṣe, mo sì mọ̀."

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn. "Mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá. Èmi ni mo ń to bẹ́ǹṣì. Tí kì í bá ṣe ìyá, ẹgbẹ́ wo lẹ̀ bá ń ṣe alága rẹ̀ lónìí, ẹ̀gbọ́n?"

Wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà nawọ́; ọwọ́ pọ̀ lókè ju èyí tí wọ́n lè kọ̀ lọ. Wọ́n ní kí ẹni tó ń kọ pátákó kọ orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé ti Tíṣà.

Bàbá délé, kò rí ẹni tó máa sọ fún. Wọ́n ní a ó tún pàdé lẹ́sẹ̀ Olúwa. Ó gbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ mìíràn wà tí gbígbà náà máa ń nira. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí Olúwa bá òun sọ fún Ìyá Aránṣọ pé wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá irú iṣẹ́ yẹn ṣeé rán Olúwa. Ó sì fi ọ̀rọ̀ kejì kún un, èyí tí kò sọ fún obìnrin náà nígbà tó wà láàyè.