Ìdí Ìgò Nínú Ọgbà Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé gbogbo ilé ló lè rán mi níṣẹ́ láì dúpẹ́, àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò fẹ̀ ju ẹní mẹ́ta lọ. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló ni ín. Ewúro, ata wẹ́wẹ́ àti tòmátì ni wọ́n gbìn síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, débi pé omi tí a fi wẹ̀ ni ewéko náà ń mu. Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọbẹ̀ náà dùn.

Télọ̀ ni bàbá mi. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gba Tinúbú kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọgbà òdòdó níwájú ọ́fíìsì òyìnbó kan. Láti ọjọ́ náà ni ewúro ti ń tì wọ́n lójú. Tòmátì ni wọ́n kọ́kọ́ fà tu, wọ́n gbin òdòdó pupa kan dípò rẹ̀. Lọ́dún kejì, ata tẹ̀ lé tòmátì. Bàbá da yanrìn sójú ọ̀nà, wọ́n kun òkúta ní ẹfun. Ìyá Àgbà dúró, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán.

"Ràímì, ṣé a lè fi í se ọbẹ̀?"

"Màmá, wíwò la ń wò ó."

"Ó dáa. Lálẹ́ òní, kí gbogbo yín wò ó yó."

Ewúro nìkan ló kù. Ìyá Àgbà ní bí Bàbá bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yáa fa òun náà tu.

Èmi ni mo ń pọnmi láti ibi ẹ̀rọ fún òdòdó yìí kí n tó fẹnu kan ẹ̀kọ àárọ̀. Ọjọ́ tí mo já díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi se ọbẹ̀ irọ́ nínú agolo mílíìkì, Bàbá ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè, níwájú òdòdó náà gan-an. Ìyá Àgbà kọjá, wọ́n bi mí pé ṣé òdòdó náà ti dárí jì mí.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìgò dé. Bàbá tún rí i ní Tinúbú pé wọ́n ri ìgò mọ́lẹ̀ lórí kodò yí ọgbà ká, tí ìdí rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Dandan, tiwa náà gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, níbo la ti fẹ́ rí ìgò? Ni èmi àti Àǹtí Sikírà, àbúrò bàbá mi, bá gba Olówógbowó lọ lẹ́yìn Kérésìmesì, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń kó ìgò ọtí dà sẹ́yìn ilé bí ìkarahun ìgbín. A kó o sínú agbọ̀n, a gbé e rù, ó ń dún wọnran-wọnran. Ojú ń tì mí kú. Ọkùnrin kan tó jókòó lójúde pariwo pé, "Ẹ wo ọmọ Mùsùlùmí! Ẹ̀yin méjèèjì lẹ mu gbogbo èyí?"

Àǹtí Sikírà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "A ṣẹ́ díẹ̀ kù fún yín, ìyàwó yín ló gbé e mu."

Ọgbà náà wá rẹwà. Àwọn aládùúgbò ń yọjú wò ó. Ó mọ́ wa lójú títí a fi gbàgbé ohun tó ti wà nínú ìgò wọ̀nyẹn rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìtọrọ Àǹtí Sikírà ṣe kò.

Ọmọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní Jáńkárà ni Àǹtí fẹ́, wọ́n fẹ́ ẹ débi pé wọ́n ti lé àwọn ọkùnrin yòókù dànù nítorí rẹ̀. Àáfà ni bàbá ọmọkùnrin náà, ará Ìjẹ̀bú. A gbọ́ pé Àáfà yìí kì í mu omi nínú ilé tí ọtí bá ti wọ̀ rí. Nígbà tí àwọn àlejò dé, Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọgbà ni Bàbá kọ́kọ́ fẹ́ fi hàn. Àáfà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìgò, wọ́n tún un wò. Wọ́n fa ẹ̀wù wọn sẹ́yìn.

"Aúsùbíláì! Ìgò ọtí! Ṣé ilé ọ̀mùtí lọmọ mi ti fẹ́ fẹ́ ìyàwó? Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá sún síwájú ìgò, wọ́n fẹ́ fi ẹ̀wù bò ó. Mo rí Àǹtí Sikírà lójú fèrèsé, omi ti kún ojú wọn. Mo fẹ́ sọ pé ńṣe la ṣà á, pé òfìfo la bá a, ṣùgbọ́n ojú tì mí, mo sá sẹ́yìn ewúro.

Ìyá Àgbà ló jáde láti ìdí ààrò, tàwọn ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Àáfà, ẹ kú àbọ̀. Arúgbó ni mí, n ò mọ̀wé. Ọrùn ìgò wà nínú ilẹ̀, èjìká rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ìdí nìkan ló wà níta. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe dá a mọ̀?"

Àáfà wòkè, wọ́n wolẹ̀, wọ́n fa tẹ̀sùbáà. Ìyàwó wọn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí òkúta tí Bàbá fi ẹfun kùn, ẹ̀yìn aṣọ wọn funfun báláú.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká wọlé o. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta."

Gbogbo wọn wọlé, wọ́n sì tọrọ Àǹtí Sikírà. Àáfà bu ọbẹ̀ ewúro lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó sọ irú omi tí ewúro náà ń mu fún wọn.

Ìjọba ti wó ilé yẹn báyìí, wọ́n kó wa lọ sí Súrùlérè. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà síwájú ilé níbí, omi balùwẹ̀ sì ń gba inú páìpù lọ láì bomi rin ohunkóhun. Ọkọ mi ra òdòdó oníke wálé. Kì í rọ, kì í gba omi, kò sì sọ́mọ tó kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀ rí. Ká ní Ìyá Àgbà wà láyé ni, wọn ì bá bi ọkọ mi pé ṣé a lè fi í se ọbẹ̀.

Mo rí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí sìmẹ́ńtì ò dé. Mo gbin ewúro síbẹ̀, mo sì ri ìgò yí i ká, lórí kodò. Ojú ṣì máa ń tì mí, àmọ́ èyí tí màá sọ ti wà lẹ́nu mi. Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ dá ìgò náà mọ̀.