Òbìrìkítí Èédú Tó Wà Lára Igi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ara mi kì í balẹ̀ rárá. Ìyá mi a ní bí wọ́n bá so mí mọ́ àga, àga náà ló máa jìyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́dún tí ìjì ká òrùlé wa lọ ní Iléṣà, kì í ṣe èmi nìkan ni ara kò rọ̀. Oyún ìyá mi ti pé oṣù, òjò kò sì fún wa ní ìsinmi. Ilé ààfáà tó múlé tì wá la sá sí, gbogbo wa nínú yàrá kan.

Káfíńtà tí bàbá mi gbé iṣẹ́ fún kì í gun òkè láìparí iṣẹ́ nílẹ̀. Orí ilẹ̀ ló ti máa gé gbogbo igi òrùlé, yóò tò wọ́n bí wọn yóò ṣe rí lókè, yóò wá fi ayùn gé àmì sí wọn lẹ́nu: ojú kan pẹ̀lú ojú kan, ojú méjì pẹ̀lú ojú méjì. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí ó gbé wọn gòkè, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti sáré gbé e lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ. Kò sì ní ọmọ iṣẹ́ kankan tí a lè bi léèrè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ń rìn yí igi ká bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, ló kọ́kọ́ rí i.

Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ fara balẹ̀. Bí èmi náà ṣe ń gé aṣọ nìyí. Ojú kan tí mo gé sí apá ẹ̀wù, ojú kan tí mo gé sí ara ẹ̀wù ló ń bá lọ.”

Wọ́n pe àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Igi ń gòkè, ó ń bára mu, èmi ń sáré kiri nísàlẹ̀. Ẹyọ kan ló wá kù, tí kò ní ojú ayùn kankan. Èédú ni káfíńtà fi fa òbìrìkítí sí i láàárín.

Bàbá mi, tó ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní nínú ìwé orin òyìnbó, òbìrìkítí tí inú rẹ̀ ṣófo ni ohùn tí a máa ń fà gùn jù, nítorí náà yàrá tó gùn jù ló ni ín. Ààfáà, ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, mi orí sí i. “Bí ẹsẹ Kùránì bá parí, òbìrìkítí là ń rí. Ìgbẹ̀yìn ni kí ẹ gbé e sí.” Ìyá mi ní ibi tí bọ́tìnnì máa wà lòun ń fa irú rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni kí wọ́n kan ìṣó mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu, ó sì wọ gbogbo wa létí. Wọ́n gbé e gòkè kẹ́yìn, sórí yàrá ìyá mi tó gùn jù nínú ilé, wọ́n kan ìṣó ńlá gba àárín òbìrìkítí náà, wọ́n fi páànù bò ó.

Yàrá yẹn ni wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin sí. Inú gbogbo ilé dùn, àfi ọkàn tèmi tí kò balẹ̀, nítorí ìyẹ̀ kan bí ìyẹ̀fun ń já bọ́ láti òkè sórí ẹní. Ìyá mi ní eruku igi tuntun ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, káfíńtà dé láti ọsibítù, ó fọwọ́ di ikùn mú, ó wá kí wa kú ewu ọmọ. Ó wọ yàrá, ó wòkè níbi tí a kò tíì kan àjà sí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ gbọ́mọ jáde ní ulé yìí,” ó ní. “Ìyá ọmọ, ẹ dìde. Ẹ má kó nǹkan kan.”

A bọ́ síta. Ó ní kòkòrò ti jẹ inú igi náà tán, ìdí tóun fi sàmì sí i nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa lò ó. Nígbà tí wọ́n tú páànù tí wọ́n sì fà á, ibi ìṣó gan-an ló ti kán, ó lulẹ̀ gbì, síbi tí orí ọmọ wà tẹ́lẹ̀. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà kò tíì tán lára mi.

Lóde òní, àmì ti fẹ́ pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a fi àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Bóyá wọ́n ń bẹ̀ mí ni o, bóyá wọ́n ń dúpẹ́ ni, n kò mọ̀. Mo máa ń pè wọ́n padà. Níjọ́sí, ọmọbìnrin tó ń ta oògùn ní Òṣogbo kọ nọ́ńbà méjì sára páálí oògùn mi, ó fa ìlà méjì dábùú ara wọn sáàárín wọn. Mo ní kó kà á fún mi.

“Màmá, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀.”

“Mo rí i, ọmọ mi. Ẹnu ìwọ tí o kọ ọ́ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ.”

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń kùn. Mo dúró títí ó fi sọ iye tí màá lò lẹ́ẹ̀kan àti iye ìgbà tí màá lò ó lójúmọ́. Àbúrò mi ti di bàbá àgbà ní Ifẹ̀wàrà báyìí, ó kọ́lé, ó kan àjà tó dán. Síbẹ̀ bí mo bá lọ kí i, òkè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kí n tó jókòó.