Ìbòrí Wòlímọ̀ Tí Mo Fi Ṣe Òṣùká

Òórùn sítáàṣì ló jí mi lójú oorun ọ̀sán lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Hàbíbà, ọmọ ọmọ mi, ló ń sè é. Ó fẹ́ bàlúùnù, ó fi léèsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó, ó wá ń fi sítáàṣì kùn ún kó lè gan. Bó bá gbẹ tán, á fọ́ bàlúùnù náà, léèsì á dúró gbagidi bí igbá, wọn á sì fi gílóòbù sínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ pálọ̀ nìyẹn báyìí! "Màmá, ṣé ó dáa?" Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n n kò lè wo ojú ọmọ náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Ní agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, ìyàwó àbúrò bàbá mi kan wà tí a ń pè ní Ìyá Kékeré. Wọ́n ti bí mi kó tó wọlé, nítorí náà kì í pe orúkọ mi. Eyínafẹ́ ló sọ mí, torí ẹ̀rín mi kì í wọ́n. Abẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ lẹ́nu kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ń dúró kí omi hó, bó ń bá wọn tàkùrọ̀sọ, òwú funfun ń yí, ihò ń tẹ̀lé ihò. Nígbà tí wòlímọ̀ mi kù sí dẹ̀dẹ̀, ó fi oṣù ààwẹ̀ gbáko hun ìbòrí kan fún mi, pẹ̀lú òdòdó létí yíká.

Èmi wá ńkọ́? Ìbòrí dídán tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba ni mo fẹ́. Mo fi tèmi han àwọn ẹgbẹ́ mi nílé kéú, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín: "Kànìnkànìn rèé! Ọṣẹ ló kù!" Mo sunkún títí ìyá mi fi ra dídán fún mi. Láàárọ̀ wòlímọ̀, Ìyá Kékeré bi mí pé ìbòrí òun dà. Mo ní wọ́n ti jí i.

Ó ní, "Ẹni tó jí i mọ ohun tó dáa."

Irọ́ gbuu! Abẹ́ ẹní ni mo ká a sí. Nígbà tó yá, mo sọ ọ́ di òṣùká tí mo fi ń ru omi. Lọ́jọ́ kan lẹ́nu ẹ̀rọ omi, n kò rí ẹni gbé e rù mí, mo bá ké sí obìnrin kan tó kẹ̀yìn sí mi. Ó yíjú. Ìyá Kékeré ni. Ó nawọ́ kó tún òṣùká mi ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ba òdòdó yẹn, ó dúró. Bó bá gbá mi létí ni, ìbá sàn. Ó tú u, ó gbọn eruku rẹ̀, ó tún un ká dáadáa, ó gbé e lé mi lórí, ó gbé omi lé e. "Rọra máa lọ, Eyínafẹ́." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì hun nǹkan kan fún mi mọ́.

Lánàá, mo mú Hàbíbà lọ bá a ní Kúdẹtí. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Ó fi ìka ka ihò léèsì tí Hàbíbà gbé dání, ó ní òwú ibì kan dẹ̀ jù, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń fà á han ọmọ náà. Inú Hàbíbà dùn débi pé ó ń pàtẹ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá Kékeré, ẹ foríjì mí nítorí ìbòrí wòlímọ̀ yẹn."

"Ìbòrí wo?"

Mo rò ó látòkèdélẹ̀. Ó ń mirí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kọ́ o. Ọmọ dáadáa ni ọ́."

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ló kù tó rántí ohun tí mo ṣe. Ta ni n ó wá bẹ̀?